Ẹ̀rọ Ìgékoríko: Ohùn Rẹ̀, Àìsàn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún, kì í pẹ́ kí koríko tó bo àgbàlá ilé-ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, etí ọ̀nà àti ìdí igi inú oko. Ní ìgbà àtijọ́, àdá àti ẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé-ìwé ni a fi ń bá a jà, ìjìyà ọmọ tí ó bá sì pẹ́ dé ni pé kí ó lọ gé ìpín koríko tirẹ̀ kí oòrùn tó mú. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí abẹ irin tàbí okùn ọ̀rá ń yí ní ẹnu rẹ̀, ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Ballas, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ni ó ronú kan ọgbọ́n okùn ọ̀rá náà ní 1971, nígbà tí ó rí bí àwọn búrọ́ọ̀ṣì tí ń yí ti ń fọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun: wọn a gbé e láti àgbàlá dé àgbàlá, wọn a gé koríko, wọn a sì gba owó iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ìparí òjò ọdún tí ó kọjá a máa kọ̀ láti jí nígbà tí òjò titun bá dé. Olówó rẹ̀ a fa okùn rẹ̀ títí apá yóò fi máa ro ó. Bí ó bá sì jí nígbẹ̀yìn, a máa wúkọ́, a máa kú, tàbí kí ó má lè gé koríko tí ó le. Nígbà náà ni ẹnì kan nínú àwọn tí ó dúró tì í yóò wí pé, “Mú síkúrùdíráfà wá, kábúrétọ̀ rẹ̀ ni kí a yí.” Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbó. Síkúrù ara kábúrétọ̀ ni ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí ọwọ́ kàn, kì í ṣe ohun àkọ́kọ́; ẹni tí yóò bá sì yí i gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ohùn ẹ́ńjìnnì ń wí, nítorí pé ohùn tí ó dùn jù lọ ní etí aláìmọ̀kan lè jẹ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tí ó fẹ́ kú.

Irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà lára rẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tú-sítírókù. Òun kan náà ni ó wà lára púpọ̀ nínú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí a fi ń gé igi, lára ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé pọ̀n láti fọ́n oògùn sí kòkó, àti lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Joseph Day, ará ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi irú rẹ̀ lélẹ̀ láàrin 1889 àti 1891: ó jẹ́ kí yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí kránkì ti ń yí, jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ń kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí písítìn bá ń gòkè, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí rẹ̀, ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra kí iná púlọ́ọ̀gì lè ràn wọ́n; lábẹ́ rẹ̀, ó ń fa òmíràn wọlé láti inú kábúrétọ̀. Nígbà tí iná bá tì í sódò, èéfín gba ihò kan jáde ní ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà, afẹ́fẹ́ àti epo titun sì gba ihò mìíràn gòkè láti jókòó ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń gbiná ní gbogbo ìgbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń gbiná lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìyípo méjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbára yìí ní owó orí tirẹ̀. Kò sí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí bí ti mọ́tò, nítorí pé yàrá ìsàlẹ̀ ti di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì tí kò bá sí nínú bẹntiróòlù kò sí níbòmíràn. Epo tí ń wọlé ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni ó ń gbé ọ́ìlì dé ara irin, òun náà ni ó sì ń bá afẹ́fẹ́ mú ooru inú rẹ̀ rọlẹ̀. Nítorí náà, bí epo bá dín tí afẹ́fẹ́ sì pọ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó dín: ọ́ìlì dín, ooru sì pọ̀ sí i, ní ìṣẹ́jú kan náà. Písítìn, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, a wú, a máa ha ara sìlíńdà, a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn mẹkáníìkì a wí pé ẹ́ńjìnnì náà ti nọ́ọ̀kì.

Ìwọ̀n tí a ó fi po ọ́ìlì mọ́ epo wà nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, ó sì sábà wà lára ìdérí táńkì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń fẹ́ ọ́ìlì ìwọ̀n 1 sí epo ìwọ̀n 50, èyí tí í ṣe mílílítà 20 fún lítà epo kan, tàbí 100 fún lítà 5. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, àti díẹ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ń fẹ́ 1 sí 25, ìyẹn mílílítà 40 fún lítà kan. Kí a ra ọ́ìlì tí a kọ orúkọ tú-sítírókù sí lára. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò kò yẹ, nítorí pé a kò ṣe é kí ó lè jóná tán láìfi eérú sílẹ̀. Kí a bu ìdajì epo sínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́, kí a da ọ́ìlì lé e, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a tó bu ìyókù sí i; kí a sì tún gbọ̀n ọ́n nígbàkígbà tí a bá fẹ́ rọ nínú rẹ̀ sí táńkì. Fífi ojú wọ̀n ọ́n, tàbí fífi àwọ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò tó. Ìdérí ìgò tí a ti fi abẹ́rẹ́ oníwọ̀n láti ilé oògùn wọn lẹ́ẹ̀kan yóò sìn ni fún ọdún púpọ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní 29 May 2023 ni epo ti di ohun ọ̀wọ́n, ọwọ́ sì ń wọ́ àwọn ènìyàn láti ra ọ́ìlì kún un. Ẹni tí ó bá yọ owó ọ́ìlì kúrò nínú ìnáwó rẹ̀ ti fi písítìn dúró fún un. Àwọn mìíràn sì wà tí ìbẹ̀rù mú wọn da ọ́ìlì púpọ̀ sí i, wọ́n ní ọ́ìlì kì í pọ̀ jù. Ó ń pọ̀ jù. A ń fi èédú dí púlọ́ọ̀gì àti ojú ihò èéfín. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ọ́ìlì bá gba àyè púpọ̀ nínú ohun tí ń gba ihò tóóró inú kábúrétọ̀ kọjá, bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ ni ó dín, afẹ́fẹ́ a sì pọ̀ ju epo lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kan ìlera ní ìhín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì tàbí táńkì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọdé bá sì ti gbé e mì, kí a má ṣe fún un ní epo pupa mu kí ó lè bì í, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé èébì náà ni ó lè gbé epo lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Kí a sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ọ̀wọ̀ tí ó fi owó àjọ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, tí ó sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí. Àná ni ohùn rẹ̀ dára jù lọ láti ìgbà tí mo ti rà á. Ó ń ké fíìn bí ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́ lójijì.”

“Ta ni ó yí síkúrù rẹ̀?”

“Èmi ni, sà. Ó ń yọ èéfín dúdú, agbára rẹ̀ kò sì tó, ni mo bá dì í díẹ̀.”

“Asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni o fọ̀ ọ́?”

“Àná ní òwúrọ̀, sà. Ẹnì kan ni ó wí fún mi pé a máa ń fọ̀ ọ́.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìdáhùn ìkẹyìn yìí. Ekuru àti koríko gbígbẹ ni ó ti dí asẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, epo sì di púpọ̀ jù. Àìsàn asẹ́ ni, síkúrù ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì fi wò ó: ó dín epo kù kí ó lè bá afẹ́fẹ́ díẹ̀ náà mu. Nígbà tí ó wá fọ asẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé bí ó ti yẹ, epo ti kéré jù. Ẹ̀rọ náà sáré bí ẹni tí ibà mú, ó ké fíìn, ó sì lẹ̀. Bí mẹkáníìkì náà bá tú sáìlẹ́ńsà kúrò, tí ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò èéfín, yóò rí ara písítìn tí ó yẹ kí ó máa dán, tí ó ti ya gààràgà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí yíyí kan mọ́ tí ó lè wo èyí sàn. Písítìn àti sìlíńdà titun lè súnmọ́ owó ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mìíràn. Àjọ oṣù náà sì ń dúró, koríko sì ń dàgbà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó bẹ ẹni tí ń tà á pé kí ó tú sáìlẹ́ńsà rẹ̀ fún òun kí òun wo písítìn. Síkúrù méjì péré ni ó sábà dè é. Ẹni tí ó bá kọ̀ ti dáhùn.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò jí, epo ni kí a kọ́kọ́ wò. Epo tí a ti po ọ́ìlì mọ́ kò yẹ kí ó ju oṣù kan lọ. Bẹntiróòlù a máa fẹ́ lọ, ìyókù a sì di ohun tí ó ń rùn bí ọ̀dà, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ihò tóóró inú kábúrétọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí a ti ń po ọtí ethanol mọ́ epo, ó tún ń fa omi mọ́ra. Kí a da ti ọdún tí ó kọjá nù kúrò nínú táńkì, kí a má sì dà á sí ojú ọ̀nà omi. Lẹ́yìn èyí, kí a fi wáyà tí a tẹ̀ lórí fa okùn rọ́bà inú táńkì jáde, kí a wo asẹ́ kékeré tí ó wà ní ìdí rẹ̀; bí ó bá ti di dúdú, kí a pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí a wo rọ́bà náà pẹ̀lú bóyá ó ti là, nítorí pé rọ́bà tí ó là ń fa afẹ́fẹ́ dípò epo. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí ó sì ń kú, kí a tú ìdérí táńkì díẹ̀. Bí ó bá sọjí, ihò tí táńkì fi ń mí ni ó dí.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Èyí tí a fi fóòmù ṣe, omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ pátápátá kí a tó dá a padà. Èyí tí a fi bébà ṣe, gbígbọ̀n ni a ń gbọ̀n ọ́n tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ní oko tí ekuru rẹ̀ pọ̀, ojoojúmọ́ ni kí a máa wò ó. Kí a má ṣe fa ẹ̀rọ láìsí asẹ́ rárá, ìbáà ṣe láti dán an wò nínú koríko fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé yanrìn kò nílò ju ìṣẹ́jú náà lọ.

Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́, bí a bá mọ èdè rẹ̀. Bí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí asẹ́ dí, tàbí iná kò ràn tó. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo kò tó. Kí a má ṣe gé koríko kan síwájú sí i títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré jẹ́ nǹkan bí ìdajì mílímítà. Láti mọ̀ bóyá iná ń wá, kí a tú u, kí a fi í sí orí wáyà rẹ̀ padà, kí a fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí ó jìnnà sí ihò tí a ti yọ ọ́, kí a sì fa okùn: iná búlúù kékeré yóò ta pàrà ní ẹnu rẹ̀. Ó jìnnà sí ihò, ni a wí, nítorí pé epo ń tú jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń jí nígbà tí ara rẹ̀ tutù, tí ó ń kú nígbà tí ó gbóná, tí kò sì ní jí mọ́ títí yóò fi tún tutù, kí a dán iná rẹ̀ wò ní kété tí ó bá kú. Ó lè jẹ́ pé kọ́ìlì ni ooru ń dá lẹ́kun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá ẹ̀rọ jà nígbà tí epo ti kún inú rẹ̀ jù. A ti fa ṣóòkì, a fa okùn, ẹ́ńjìnnì kọ kọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àmì nìyẹn pé kí a dá ṣóòkì padà, ṣùgbọ́n a kò dá a padà. Ẹni tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tú púlọ́ọ̀gì, kí ó nu ún gbẹ, kí ó pa ẹ̀rọ ní ojú bọ́tìnnì rẹ̀, kí ó dá ṣóòkì padà, kí ó sì fa okùn bí ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí epo lè fẹ́ jáde, kí ó tó dá púlọ́ọ̀gì sí àyè rẹ̀.

Ibi tí èéfín ń gbà jáde kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Nínú sáìlẹ́ńsà, asẹ́ wáyà kékeré kan sábà wà tí ń dá ẹ̀tapàrà dúró kí ó má bàa ran koríko gbígbẹ. Èédú a máa dí i, ẹ̀rọ a sì di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà ni a fi ń fọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá sì ti jókòó fún oṣù púpọ̀, kí a wo ihò náà dáadáa. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ní olówó.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí a mọ̀ bóyá písítìn ṣì ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí a bá ń fa okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yẹ kí ọwọ́ mọ ibi tí ó ti ń tako ni ní gbogbo ìyípo. Mẹkáníìkì tí ó ní òṣùwọ̀n yóò dè é mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì: ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le sábà máa ń fi 120 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, èyí tí kò bá tó 90 yóò sì máa ni ènìyàn lára láti jí. Ríìngì tàbí písítìn ni ọ̀rọ̀ irú èyí, síkúrù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá péye ni a tó lè kọjú sí kábúrétọ̀. Síkúrù mẹ́ta ni ó sábà wà lára rẹ̀. Èyí tí a kọ L sí ń ṣe àkóso epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Èyí tí a kọ H sí ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. T, tàbí LA lára àwọn kan, kò kan epo, kìkì bí ẹ́ńjìnnì yóò ti yára tó nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́ ni ó ń yí padà. Bí a bá yí L tàbí H sí ọwọ́ ọ̀tún, epo dín. Bí a bá yí i sí ọwọ́ òsì, epo pọ̀ sí i. Kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí a fi jẹ́jẹ́ dì wọ́n dé ìdí, kí a máa ka ìyípo, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì dá wọn padà. Ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti gbéra lè padà síbẹ̀. Kí a má ṣe fi agbára dì wọ́n, nítorí pé ẹnu wọn mú bí abẹ́rẹ́, a sì máa ba ihò jẹ́.

Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ara rẹ̀ gbóná. Kí ẹ̀rọ wà lórí ilẹ̀ gbalasa, kí abẹ jìnnà sí ẹsẹ̀ àti sí okùn. L ni a ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Kí a yí i díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì títí a ó fi rí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti yára jù lọ láìtẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀ kí a yí i sí òsì bí ìdá mẹ́jọ ìyípo kan. Kí a wá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Bí ó bá fò sókè láìjáfara, ó tọ́. Bí ó bá ń rẹ̀wẹ̀sì kí ó tó dìde, tàbí tí ó kú, epo rẹ̀ kéré. Bí ó bá ń rúfín, tí ó ń wúkọ́, tí ó sì ń kú lẹ́yìn tí a ti fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, epo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn èyí kí a yí T títí ẹ́ńjìnnì yóò fi ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, tí abẹ kò sì yí. Abẹ tí ń yí nígbà tí a kò tẹ ẹ̀rọ jẹ́ ewu, kò sí ìdí tí a fi lè gbà á láyè.

H ni ibi tí etí ti gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin láìsí koríko lẹ́nu rẹ̀, tí epo sì tó, ohùn rẹ̀ kò ní dán. Yóò máa ró bùrù-bùrù bí ẹni tí omi wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, nítorí pé epo tí ó pọ̀ díẹ̀ ń jẹ́ kí ó fo gbígbiná kan kí ó tó ṣe òmíràn, a sì máa ró bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Bí a bá wá fi abẹ kan koríko, tí iṣẹ́ sì wọ̀ ọ́ lára, ohùn náà a mọ́, a dọ́gba, agbára a sì jáde. Ohun tí a ń wá nìyẹn: kí ó ró bùrù nígbà tí kò ní iṣẹ́, kí ó mọ́ nígbà tí ó ń gé. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ké fíìn nígbà tí kò gé nǹkan kan ti ń jẹ ara rẹ̀. Aláìmọ̀kan a gbọ́ ìyára náà, a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ̀ a yára yí H sí òsì títí bùrù-bùrù yóò fi padà.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí etí rẹ̀ ti já gaara. Àwọn kọ́ìlì kan ń dá iná dúró fúnra wọn nígbà tí ìyára bá kọjá ìwọ̀n, ohùn èyí sì jọ bùrù-bùrù epo púpọ̀. Etí nìkan lè tan ni jẹ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kí a fi òṣùwọ̀n ìyípo wò ó, kí a mọ ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Àwọn titun mìíràn sì wà tí kọ̀ǹpútà kékeré inú wọn ń pín epo fúnra rẹ̀. Wọn kò ní síkúrù tí a lè yí, kò sì sí àdánù nínú ìyẹn.

Bí kò bá sí bí a ti yí síkúrù tó tí ohùn náà kò dúró lójú kan, kí a fi síkúrùdíráfà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibòmíràn. Síìlì rọ́bà etí kránkì lè ti gbó, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà tí ó wà láàrin kábúrétọ̀ àti sìlíńdà lè ti là. Àmì rẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá tú ọwọ́ kúrò lórí ìtẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀, tàbí kí ó máa yára, kí ó máa falẹ̀, láìsí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. A sì máa yí ohùn padà bí a bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá fi epo púpọ̀ bo irú ihò bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ihò yóò gbòòrò, ẹ́ńjìnnì yóò sì lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣóòkì nìkan ni ó ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú kábúrétọ̀, tí ń fa epo tí ó sì ń wọ̀n ọ́n, lè ti gan. Ó yẹ kí ó rọ̀ bí aṣọ. Bí ó bá ń dún bí bébà, kí a ra ẹ̀dà titun pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kò sí àtúnṣe kankan tí a gbọ́dọ̀ ṣe nínú yàrá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò lóòórùn, irú èyí tí ó ti inú jẹnẹrétọ̀ pa odidi ìdílé lójú oorun. Nínú oko, kí ojú, etí àti ẹsẹ̀ ní ìbòrí, kí a má ṣe tú ìbòrí abẹ dànù nítorí ìwúwo, kí ẹnikẹ́ni má sì wà láàrin mítà 15 sí ẹni tí ń gé, nítorí pé abẹ yìí ń ju òkúta bí kànnàkànnà.

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, tí koríko sì gbẹ, kí a da epo inú táńkì jáde, kí a jí ẹ̀rọ, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí kábúrétọ̀ lè gbẹ. Kí ara rẹ̀ tutù, kí a tú púlọ́ọ̀gì, kí a kán ọ́ìlì tú-sítírókù bíi ṣíbí tíì kan sínú ihò náà, kí a fa okùn pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ́ìlì lè ta ká ara sìlíńdà, kí a sì dá púlọ́ọ̀gì padà. Kí a fi àkísà dí ẹnu sáìlẹ́ńsà nítorí agbọ́n, kí a sì so ọ̀já pupa mọ́ okùn ìfà, kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé e ní oṣù kẹta lè rántí yọ àkísà náà.